Mímúra Ọmọ Sílẹ̀ fún Ìdánwò Àṣewọlé

Ìbéèrè kan wà tí àwọn òbí máa ń bi àwa olùkọ́ lọ́dọọdún: "Kí ni kí a ṣe kí ọmọ wa lè yege nínú Common Entrance?" Ó yẹ kí a dáhùn rẹ̀ nínú ìwé àjọ̀dún yìí, nítorí ẹnu ọ̀nà ìdánwò ni gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ wa gbà wọlé.

Ohun tí ìdánwò náà ń béèrè ni kí òbí kọ́kọ́ mọ̀. Àjọ NECO ni ó ń ṣe èyí tí ó wà fún àwọn ilé-ẹ̀kọ́ girama ìjọba àpapọ̀, irú bí King's College àti Queen's College ní Èkó. Ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ ìjọ àti ti aládàáni sì ń ṣe tiwọn. Ìṣirò, sáyẹ́ǹsì, èdè Gẹ̀ẹ́sì àti ìmọ̀ àwùjọ wà nínú rẹ̀. Ìrònú lórí òǹkà àti ìrònú lórí ọ̀rọ̀ sì wà níbẹ̀ pẹ̀lú.

Méjì tí ó kẹ́yìn yìí ni ó máa ń gbé ọ̀pọ̀ ọmọ ṣubú, nítorí a kò lè há wọn sórí. Ẹ wo àpẹẹrẹ kan: bí 3 bá di 10, tí 5 sì di 26, kí ni 7 yóò dà? Ọmọ tí ó gbójú lé àhásórí yóò máa wá 7 nínú ohun tí ó há. Ọmọ tí a kọ́ láti ronú yóò rí i pé 3 lọ́nà mẹ́ta jẹ́ 9, a sì fi 1 kún un. 5 lọ́nà márùn-ún jẹ́ 25, a sì fi 1 kún un. Yóò dáhùn pé 50. Nítorí náà, bí ọmọ bá gba ìdáhùn, ẹ má ṣe dúró lórí "o káre". Ẹ bi í pé, "Báwo ni o ṣe rí i?" Ọmọ tí ó bá lè ṣàlàyé ọ̀nà tí ó gbà ni ó ti mọ̀ ọ́n.

Àwọn òbí kan ti fi òfin de èdè Yorùbá nínú ilé nítorí ìdánwò yìí. Àdánù ńlá ni. Òǹkà wa fúnra rẹ̀ jẹ́ ìṣirò: àádọ́ta ni ogún mẹ́ta tí a yọ mẹ́wàá kúrò nínú rẹ̀, márùndínláàádọ́ta sì ni àádọ́ta tí a yọ márùn-ún kúrò nínú rẹ̀. Àlọ́ àpamọ̀ pẹ̀lú jẹ́ ìrònú lórí ọ̀rọ̀, nítorí wíwá ibi tí ohun kan gbé jọ òmíràn ni. Ní ọdún 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò kan ní Ilé-Ifẹ̀, níbi tí a ti fi èdè Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ní gbogbo ọdún mẹ́fà ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, tí a sì kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì lọ́tọ̀. Àwọn ọmọ náà kò rẹ̀yìn, àní nínú Gẹ̀ẹ́sì pàápàá. Kí ọmọ máa ka ìwé Gẹ̀ẹ́sì lójoojúmọ́, ṣùgbọ́n ẹ má ṣe gba èdè ìyá rẹ̀ lẹ́nu rẹ̀.

Ní ti àkókò, oṣù mẹ́ta kò tó. Láti kíláàsì kẹrin ni kí ọmọ ti máa fi nǹkan bí ìṣẹ́jú 30 kàwé lálaalẹ́, kí òbí sì jókòó tì í. Ìbéèrè àtẹ̀yìnwá, pẹ̀lú aago níwájú rẹ̀, di sáà tí ó kẹ́yìn. Ní alẹ́ tí ìdánwò ku ọ̀la, oorun ni iṣẹ́ tí ó kù.

Ohun kan ń dùn wá lọ́kàn. Àwọn òbí kan a máa sanwó fún ẹni tí yóò bá ọmọ wọn wá ìdáhùn, tàbí kí wọ́n rán ẹlòmíràn lọ jókòó ní ipò rẹ̀. Ọmọ tí a ra ìdáhùn fún ti kọ́ ẹ̀kọ́ méjì: pé irọ́ a máa ṣílẹ̀kùn, àti pé àwọn òbí òun kò gbà pé òun lè dá a ṣe. Ẹ̀kọ́ kejì yìí ni ó ṣòro jù láti mú kúrò lọ́kàn rẹ̀. Bí ó bá sì wọlé tán, iṣẹ́ tí ó sá fún ni yóò pàdé ní kíláàsì. Ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà.

Bí ọmọ kò bá sì yege ńkọ́? Ẹ rántí pé àyè kò pọ̀. Ní àwọn ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba àpapọ̀, máàkì tí a fi ń gba ọmọ yàtọ̀ láti ìpínlẹ̀ kan sí èkejì. Èyí tí kò tó fún ọmọ Èkó lè tó kí ó sì ṣẹ́kù fún ọmọ ibòmíràn. Nítorí náà, máàkì kò lè sọ iye tí ọmọ tó. Ẹ má ṣe fi ọmọ aládùúgbò bú u. Ohun tí ó fi òtítọ́ kọ́ kò ní sọnù. Yóò wúlò fún un ní ilé-ẹ̀kọ́ yòówù tí ó bá lọ.

Kí Olúwa fún àwọn ọmọ wa ní òye, kí Ó sì fún àwa òbí àti olùkọ́ ní sùúrù. Àmín.