Ẹgbẹ́ Tí Kì Í Du Oyè

Nígbà tí ọdún ìbò bá wọlé dé, tí ọkọ̀ agbóhùnsókè bá ń fi orin òṣèlú ká ìlú láti Ìjẹ̀bú-Igbó títí dé Agó-Ìwòyè, tí àwòrán àwọn tí ń du ipò sì bo ògiri Òrù mọ́lẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí a kò fi mọ ọ̀dà tí onílé kùn ún mọ́, àwọn ènìyàn kan a máa wà láàárín wa tí a kì í fi bẹ́ẹ̀ kíyè sí, nítorí pé wọn kì í pín ìrẹsì, wọn kì í pín ankárá, wọn kì í sì í bẹ ẹnikẹ́ni pé kó dìbò fún àwọn. Bí wọ́n bá dúró ti ìyá tí ń ta gàrí nínú ọjà, ohun tí wọn yóò bèèrè kò ju pé, "Ẹ kú ọjà o, ìyá wa. Ṣé káàdì ìdìbò yín wà lọ́wọ́? Ṣé àdúgbò tí ẹ ń gbé báyìí náà ni ẹ ti forúkọ sílẹ̀?" Bí ìyá bá dáhùn pé káàdì òun ti sọnù, wọn a ṣàlàyé ọ̀nà tí yóò gbà rí òmíràn, wọn a kọ ibi tí yóò lọ sínú ìwé pélébé kan fún un, wọn a sì kọjá sí ìsọ̀ kejì. Kò sí owó oṣù nínú iṣẹ́ yìí, kò sí oyè nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n mo gbà tọkàntọkàn pé láìsí i, ìbò tí à ń dì yóò di ọjà tí olówó nìkan ń ná.

Irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ẹgbẹ́ òṣèlú, kì í sì í ṣe ẹ̀ka ìjọba. Àjọ INEC ni ó ni ètò ìbò: òun ni ó ń kọ orúkọ sílẹ̀, òun ni ó ń tẹ ìwé ìbò, òun ni ó sì ń kéde ẹni tí ó wọlé. Àwọn ẹgbẹ́ òṣèlú ni ó ni olùdíje, wọ́n sì ní aṣojú tí ń jókòó ní ibùdó ìdìbò láti ṣọ́ ire ọ̀gá wọn. Ta ni ń ṣọ́ ire ẹni tí kò ní ọ̀gá, tí kò sí nínú ẹgbẹ́ kankan, tí ó kàn fẹ́ kí ìbò tí òun dì jẹ́ ìbò tí a kà? Àlàfo yẹn ni àwọn olùfarajìn tí mò ń wí yìí ń dí, ìdí sì nìyí tí wọ́n fi ń kọ̀ fún ẹni tí ó bá ti ní olùdíje tí ó ń pọ́n lẹ́yìn láti wọ aṣọ wọn lọ́jọ́ ìbò, nítorí a kì í jẹ́ ẹlẹ́jọ́ ká tún jẹ́ onídàájọ́.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló rò pé owó òyìnbó ni ó bí irú ẹgbẹ́ yìí ní ilẹ̀ wa. Òótọ́ ni pé àwọn obìnrin Amẹ́ríkà dá League of Women Voters sílẹ̀ ní oṣù kejì ọdún 1920, lábẹ́ ìdarí Carrie Chapman Catt, oṣù mẹ́fà ṣáájú kí òfin tí ó ní kí a má ṣe tìtorí jíjẹ́ obìnrin du ẹnikẹ́ni ní ìbò tó fìdí múlẹ̀ níbẹ̀; wọ́n sì tan ẹ̀ka rẹ̀ káàkiri ìpínlẹ̀ wọn, láìti olùdíje kankan lẹ́yìn. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ wa ní tirẹ̀, kò sì jìnnà sí wa rárá.

Ní Abẹ́òkúta, láàárín Ẹ̀gbá ọmọ Líṣàbí, ẹgbẹ́ àwọn obìnrin alákọ̀wé kan wà tí Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti ń darí, tí ohun tí wọ́n ń ṣe kò ju iṣẹ́ ọwọ́, àpèjẹ àti ìtọ́jú ilé lọ, títí di nǹkan bí ọdún 1944 tí obìnrin ọlọ́jà kan fi bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n kọ́ òun ní ìwé kíkà. Ẹ̀bẹ̀ yẹn ni ó ṣí ilẹ̀kùn. Bí àwọn ọlọ́jà ti ń kọ́ a-bí-dí lọ́wọ́ àwọn alákọ̀wé, bẹ́ẹ̀ ni àwọn alákọ̀wé ń kọ́ ohun tí ojú ọlọ́jà ń rí: ìrẹsì tí àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ń gbà lọ́wọ́ wọn, àti owó-orí tí obìnrin ń san nígbà tí kò sí obìnrin kan ṣoṣo nínú ìgbìmọ̀ tí ń ná owó náà. Ní 1946 ẹgbẹ́ náà di Abeokuta Women's Union, ó sì gba gbogbo obìnrin Ẹ̀gbá láyè, ìbáà ṣe ẹni tí ń kọ̀wé, ìbáà ṣe ẹni tí ń tẹ ìka. Nígbà tí 1947 fi ń parí lọ, ẹgbẹẹgbẹ̀rún wọn ti sùn mọ́jú níta ààfin Aláké, ọba Ẹ̀gbá. Nígbà tí 1949 sì wọlé, Aláké ti fi ìtẹ́ sílẹ̀ fún ìgbà kan, a ti mú owó-orí obìnrin kúrò, àwọn obìnrin sì ti wọ inú ìgbìmọ̀ ìlú. Ìwọ́de náà ni gbogbo ènìyàn ń ròyìn. Ní tèmi, kíláàsì ìwé kíkà yẹn ni mo kà sí ìpìlẹ̀, nítorí pé ẹni tí kò lè ka ìwé owó-orí tí a já fún un kò lè mọ ìgbà tí a rẹ́ ẹ jẹ.

Ti Ìjẹ̀bú ńkọ́? Elizabeth Adekogbe, tí a bí ní 1919 ní Ìjẹ̀bú-Ifẹ̀, ìlú Ajalọ́run, ni ó dá Women's Movement sílẹ̀ ní Ìbàdàn ní oṣù Kejìlá ọdún 1952. Kí ẹni tí ó bá rò pé ọ̀nà jìn rántí pé Ìjẹ̀bú East ni Ìjẹ̀bú-Ifẹ̀ wà, àti pé Ìjẹ̀bú East, Ìjẹ̀bú North tiwa yìí àti Ogun Waterside ni ó jọ ń rán ọmọ ilé aṣojú-ṣòfin kan ṣoṣo lọ sí Àbújá. Ọmọ ilé wa ni. Ohun tí ọmọ ilé wa yìí àti ẹgbẹ́ rẹ̀ béèrè fún hàn kedere: kí gbogbo obìnrin tí ó ti bàlágà ní ẹ̀tọ́ láti dìbò, kí a gba obìnrin sí ìgbìmọ̀ ìjọba ìbílẹ̀, kí a yan obìnrin sí ilé aṣòfin Ìwọ̀-Oòrùn, kí a sì kọ́ ilé-ẹ̀kọ́ girama púpọ̀ sí i fún àwọn ọmọbìnrin. Ẹ jẹ́ ká rántí irú ìbò tí ó wà lóde nígbà yẹn. Ní 1951, àwọn asanwó-orí ni ó ń yan àwọn kan, àwọn wọ̀nyí a sì tún yan àwọn mìíràn, tí ohùn ìyá aláta fi ń pòórá kí ó tó dé Ìbàdàn, bí ó bá tilẹ̀ rí ọ̀nà jáde lẹ́nu rẹ̀ rárá.

Ní oṣù kẹjọ ọdún 1953, Fúnmiláyọ̀ pe àwọn ẹgbẹ́ obìnrin jákèjádò Nàìjíríà jọ sí Abẹ́òkúta, ọ̀rọ̀ ìbò sì wà lára ohun tí wọ́n fẹnu kò lé lórí. Òun àti Adekogbe kò lè bá ara wọn rìn pẹ́. Mo kà á sí àdánù, nítorí pé àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Ṣùgbọ́n odò méjèèjì ṣàn dé òkun kan náà. Ní 12 oṣù Kejìlá ọdún 1959, nígbà tí a dìbò sí ilé aṣòfin àpapọ̀ kí òmìnira tó dé, gbogbo àgbàlagbà, lọ́kùnrin lóbìnrin, ní Ìwọ̀-Oòrùn, Ìlà-Oòrùn àti Èkó ni ó lẹ́tọ̀ọ́ láti dìbò. Àwọn obìnrin Àríwá kò rí tiwọn gbà títí di 1976. Ọdún 1959 kan náà ni ẹgbẹ́ Adekogbe àti àwọn mìíràn para pọ̀ di National Council of Women's Societies, tí ẹ̀ka rẹ̀ wà ní gbogbo ìpínlẹ̀ lónìí.

Lẹ́yìn náà ni ìbọn dé, ìbọn kì í sì í bèèrè ìbò lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Nígbà tí àwọn ológun ń múra àtilọ ní 1998, àwọn ẹgbẹ́ ajàfẹ́tọ̀ọ́ para pọ̀ dá Transition Monitoring Group sílẹ̀, wọ́n sì kó ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọmọ Nàìjíríà jáde láti ṣọ́ ìbò tí ó gbé ìjọba alágbádá wọlé ní 1999. Nílé wa níhìn-ín, ìjọ Kátólíìkì Ìjẹ̀bú-Òde kò fi ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ fún àwọn ará Èkó nìkan: àjọ JDPC wọn, tí ń rí sí ìdájọ́ òdodo, ìdàgbàsókè àti àlàáfíà, tí àwọn àgbẹ̀ sì mọ̀ dáadáa, fi ìdánilẹ́kọ̀ọ́ lórí ìbò kún iṣẹ́ rẹ̀.

Kí wá ni àwọn olùfarajìn ń kọ́ ènìyàn? Ẹ jẹ́ kí n mú ohun kan tí ó dà bí ohun kékeré. Wọn a tẹ ìwé ìbò àfiṣàpẹẹrẹ tí àmì orí rẹ̀ kì í ṣe ti ẹgbẹ́ kankan, wọn a tẹ́ ẹ sórí tábìlì, wọn a sì ní kí ìyá àgbà ki àtàǹpàkò bọ tàdáwà kí ó tẹ̀ ẹ́ sí iwájú àmì kan. Bí ìka bá kan ìlà tó wà láàárín àmì méjì, wọn a ní, "Ìyá, ìbò yín ti bàjẹ́ nìyẹn o." Wọn a wá fi bí a ṣe ń ká ìwé náà hàn án, kí tàdáwà tútù má baà lẹ̀ mọ́ àmì ẹlòmíràn. Ẹni tí ó bá rò pé eré ọmọdé ni èyí, kí ó wo ohun tí ó ṣẹlẹ̀ nínú ìbò ààrẹ: 1,289,607 ìwé ìbò ni a dà nù ní 2019, 939,278 ni a sì dà nù ní 2023. Ènìyàn ni ó tò lábẹ́ oòrùn fún ìkọ̀ọ̀kan wọn. Níhìn-ín ní Ìpínlẹ̀ Ògùn, nínú ìbò gómìnà tí a dì ní 18 oṣù kẹta ọdún 2023, ẹni tí ó wọlé ní 276,298, ẹni tí ó tẹ̀lé e ní 262,383. Ohun tí ó wà láàárín wọn jẹ́ 13,915. Bí a bá pín in sí ibùdó ìdìbò 5,042 tí ó wà ní ìpínlẹ̀ yìí, kò tó ìbò mẹ́ta ní ibùdó kọ̀ọ̀kan.

Lọ́jọ́ ìbò gan-an, alákìíyèsí ìbò a ti dé ibùdó kí aago mẹ́jọ ààbọ̀ òwúrọ̀ tó lù. Kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan ohun èlò ìbò, kò gbọdọ̀ sọ ibi tí ọkàn òun wà. Ojú àti gègé ni ohun ìjà rẹ̀. Yóò kọ àkókò tí àwọn òṣìṣẹ́ INEC dé sílẹ̀, yóò kọ bóyá ẹ̀rọ BVAS ń mọ ìka àti ojú àwọn ènìyàn tàbí kò mọ̀ wọ́n. Bí a bá ka ìbò tán, yóò dúró títí a ó fi kọ èsì sínú ìwé EC8A tí àwọn aṣojú ẹgbẹ́ ń fọwọ́ sí, yóò sì wò ó bóyá a lẹ ẹ̀dà EC60E mọ́ ojú ibi tí aráàlú ti lè kà á, nítorí pé èsì tí gbogbo ibùdó ti rí lójú kò rọrùn láti yí padà lójú ọ̀nà. Ní Ogun Waterside, iṣẹ́ yìí le ju tiwa lọ. Ẹni tí yóò ṣọ́ ìbò ní àwọn abúlé etí omi tí ó wà lẹ́yìn Ìwòpin àti Òde-Omi ní láti wọ ọkọ̀ ojú omi, owó ọkọ̀ náà sì sábà máa ń ti àpò ara rẹ̀ jáde.

Àrùn kan wà tí ó ń ba iṣẹ́ náà jẹ́ ju omi lọ. Láti ìbò Èkìtì ti 2018 ni gbogbo ilẹ̀ Yorùbá ti mọ ọ̀rọ̀ náà, "dìbò kó o sebẹ̀". Ísọ̀ nìkan kọ́ ni ó ta ogún ìbí rẹ̀ nítorí ìkòkò ọbẹ̀. N kò dá ẹni tí ebi ń pa lẹ́bi púpọ̀; ẹni tí ó mọ̀ pé ebi ń pa á tí ó fi ń gbé owó dání wá ni mo dá lẹ́bi. Ṣùgbọ́n olùfarajìn tí ó bá dé abúlé ní ọ̀sẹ̀ méjì péré sí ìbò pẹ̀lú ìwé ìléwọ́ kò lè bá ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá náírà jà. Ibí yìí ni mo ti rí àléébù àwọn ẹgbẹ́ tòní: púpọ̀ nínú wọn ń gbẹ́kẹ̀ lé owó ilẹ̀ òkèèrè, owó náà ń dé nígbà ìbò, ó sì ń lọ pẹ̀lú ìbò. Àwọn obìnrin Abẹ́òkúta dá owó fúnra wọn, wọ́n sì ń ṣèpàdé nígbà tí ìbò kankan kò sí lóde. Nítorí náà ni ọlọ́jà fi gbà wọ́n gbọ́ nígbà tí wọ́n pè é. Ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tí ó bá gbọ́n.

Àpẹẹrẹ kan wà tí ó kan Òrù wa lọ́nà pàtàkì. Láti 1990 títí di 2012 ni àgọ́ àwọn tí ogun lé kúrò nílé wà ní ìlú yìí, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì jẹ́ ọmọ Làìbéríà. A bá wọn ra ọjà, àwọn ọmọ wọn bá tiwa ṣeré. Nígbà tí ìlú wọn ń múra ìbò ní 2005, àwọn obìnrin WIPNET, ẹgbẹ́ àwọn obìnrin tí ń wá àlàáfíà níbẹ̀, rí i pé àwọn ìyá kì í lọ forúkọ sílẹ̀ nítorí pé kò sí ẹni tí yóò bá wọn ṣọ́ ọjà. Wọn kò bá wọn wí. Wọ́n jókòó ti ìsọ̀ wọn, wọ́n bá wọn gbé ọmọ, àwọn ìyá sì lọ tò. Nígbà tí a parí ìforúkọsílẹ̀, àwọn obìnrin tó nǹkan bí ìdajì gbogbo àwọn tí orúkọ wọn wà nínú ìwé, ìbò yẹn ni ó sì gbé Ellen Johnson Sirleaf dé ipò ààrẹ. Kò sí ohun tí ó ní kí a má lè ṣe irú rẹ̀ ní ọjà Òkè-Àgbò ní Ìjẹ̀bú-Igbó tàbí ní Agó-Ìwòyè.

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Ọlábísí Ọ̀nàbánjọ ní Agó-Ìwòyè náà wà nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ní 2023, a ti àwọn yunifásítì pa ní àkókò ìbò. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó forúkọ sílẹ̀ ní Agó-Ìwòyè tí ó sì padà sí ilé bàbá rẹ̀ kò lè dìbò níbẹ̀. INEC ní ètò tí a fi ń gbé orúkọ láti ibùdó kan sí òmíràn, ṣùgbọ́n ètò tí ènìyàn kò gbọ́ nípa rẹ̀ kò wúlò fún un.

Nítorí náà, ẹ̀yin olùkọ́ tí ẹ ti fẹ̀yìn tì, ẹ̀yin Ìyálọ́jà, ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ gbọ́ kọ̀ǹpútà, ẹ má ṣe dúró de ẹgbẹ́ kan láti Àbújá. Ẹni márùn-ún ní wọ́ọ̀dù kọ̀ọ̀kan ti tó láti bẹ̀rẹ̀, bí wọ́n bá ń pàdé lẹ́ẹ̀kan lóṣù tí wọ́n sì kọ̀ láti gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ olùdíje. Ìbò gbogbogbò ń bọ̀ ní 2027. Ọ́fíìsì INEC ti Ìjẹ̀bú North wà ní Ìjẹ̀bú-Igbó, ti Ogun Waterside wà ní Abigi; ẹ lọ wo orúkọ yín ṣáájú, lẹ́yìn náà kí ẹ mú aládùúgbò kan dání lọ wo tirẹ̀.