Ẹ gbọ́ ohun tójú dókítà tó gbé kòkòrò àìsàn mu rí!

Ọ̀rọ̀ ńlá! Dókítà kan ló fọwọ́ ara ẹ̀ gbé kòkòrò àìsàn mu bí ẹní mu ọtí, torí kí àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ lè gbà á gbọ́.

Barry Marshall lorúkọ ẹ̀. Nílùú Perth, lórílẹ̀-èdè Australia, lọ́rọ̀ ọ̀hún ti ṣẹlẹ̀ lọ́dún 1984.

Ọjọ́ ti pẹ́ táwọn dókítà ti ń sọ pé àròjù àti omi kíkan inú ikùn ló ń fa ọgbẹ́ inú tí wọ́n ń pè ní ulcer. Wọ́n ní kò sí kòkòrò tó lè gbé nínú irú omi bẹ́ẹ̀. Oògùn tó ń dín omi kíkan kù ni wọ́n ń fún aláìsàn, bó bá ti dáwọ́ ẹ̀ dúró, ìrora á tún dé.

Lọ́dún 1979, Robin Warren, tó ń yẹ ẹran ara aláìsàn wò ní ọsibítù Royal Perth, rí kòkòrò níbi tí wọ́n ní kò lè sí. Marshall dara pọ̀ mọ́ ọn lọ́dún 1981. Wọ́n sin kòkòrò náà títí nínú àwo, kò hù. Àfìgbà tí ìsinmi Ọdún Àjíǹde 1982 mú kí àwo pẹ́ nílẹ̀ ló hù. Àṣé ọjọ́ méjì tí wọ́n ń fún un tẹ́lẹ̀ ló kéré!

Síbẹ̀, àwọn àgbà dókítà yínmú. Ṣé kòkòrò ló fa àìsàn ni, àbí ara tó ti ń ṣàìsàn ló lọ bá? Ni Marshall bá ní kí wọ́n kọ́kọ́ yẹ ikùn òun wò, kò sí kòkòrò níbẹ̀. Ló bá gbé e mu, kò sọ fún ìyàwó ẹ̀. Kò pẹ́ tó fi ń bì, tẹ́nu ẹ̀ ń rùn. Wọ́n tún yẹ ẹ́ wò, kòkòrò ti kún ikùn ẹ̀, ara ikùn sì ti wú. Nígbà tí ìyàwó gbọ́, ó ní kó lo oògùn kíá.

Ọ̀rọ̀ ò tán síbẹ̀ o. Ẹ̀rí ẹnìkan ò tó, ikùn wíwú ló sì ní, kì í ṣe ọgbẹ́. Ìgbà táwọn oníṣègùn mìíràn fún àwọn aláìsàn ní oògùn apakòkòrò, tí ọgbẹ́ jinná tí kò padà wá, ni wọ́n tó gbà. Lọ́dún 1994, ìgbìmọ̀ tí àjọ National Institutes of Health pè jọ l'Amẹ́ríkà ní kí wọ́n máa fi apakòkòrò wo ẹni tí kòkòrò náà bá wà lára ẹ̀ tó sì lọ́gbẹ́ inú. Lọ́dún 2005, Marshall àti Warren gba ẹ̀bùn Nobel.

Kì í ṣe gbogbo ọgbẹ́ inú ni kòkòrò ń fà o. Oògùn ara ríro bíi aspirin náà ń fà á. Àyẹ̀wò ló lè sọ èyí tó jẹ́.

Àwọn àgbà ní bí irọ́ lọ fógún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ á bá a. Ti ọgbẹ́ inú yìí, àfi kí òtítọ́ rìn fún ọdún mẹ́wàá gbáko kó tó bá a.