Ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ àti gọ́tà ẹ̀gbẹ́ títì

Ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ ni apá kan ẹ̀gbẹ́ títì tí a yà sọ́tọ̀ fún àwọn tó ń fẹsẹ̀ rìn, kí wọ́n má baà máa bá ọkọ̀ du ojú títì. Gọ́tà ni kòtò tí a fi kọnkéré tàbí òkúta mọ sí etí títì, kí àgbàrá òjò lè rí ibi gbà lọ sí odò. Nínú ìwé àwọn ẹnjiníà, ohun méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n. Ṣùgbọ́n ní ọ̀pọ̀ ìlú ilẹ̀ Yorùbá, orí síláàbù tí wọ́n fi bo gọ́tà gan-an ni àwọn ènìyàn ń gbà kọjá. Níbi tí síláàbù bá ti já, ẹlẹ́sẹ̀ á bọ́ sójú títì. Nítorí náà, ẹni tó bá fẹ́ tún ọ̀kan ṣe kò lè fi èkejì sílẹ̀.

Ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ kì í ṣe ohun tuntun. Ní Pompeii, ìlú àwọn ará Róòmù àtijọ́ tí eérú òkè Vesuvius bò mọ́lẹ̀ ní ọdún 79, ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ ga ju ojú títì lọ. Wọ́n tún to òkúta ńláńlá sí àárín títì kí ènìyàn lè tẹ̀ ẹ́ sọdá láìfi ẹsẹ̀ kan omi àti ìdọ̀tí tó ń ṣàn nísàlẹ̀.

Bí ó ṣe ń ṣiṣẹ́

Títì tí wọ́n ṣe dáadáa kì í tẹ́ pẹrẹsẹ. Àárín rẹ̀ máa ń ga díẹ̀, á sì máa rẹlẹ̀ lọ sí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, ní nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 2 sí 3 fún mítà kọ̀ọ̀kan. Omi tó bá dúró lójú ọ̀dà á wọ inú ibi tó ti sán, á sọ ilẹ̀ abẹ́ rẹ̀ di rírọ̀, táyà ọkọ̀ á sì parí iṣẹ́ náà. Bí kòtò ojú títì ṣe ń bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

Gọ́tà fúnra rẹ̀ gbọ́dọ̀ máa rẹlẹ̀ lọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Bí ó bá tẹ́ jù, iyanrìn á jókòó sí ìsàlẹ̀ rẹ̀. Bí ó bá dagun jù, omi á máa jẹ ìdí rẹ̀. Ohun tí wọ́n máa ń gbàgbé jù lọ ni ibi tí omi yóò já sí. Gọ́tà tí kò bá dé odò tàbí gọ́tà ńlá mìíràn á di adágún tóóró tí ẹ̀fọn ń pamọ sí.

Ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ tó fẹ̀ tó mítà 1.8 tó kí kẹ̀kẹ́ àwọn aláàbọ̀ ara méjì pàdé kí wọ́n sì kọjá lára ara wọn. Síláàbù gbọ́dọ̀ nípọn, kí irin sì wà nínú rẹ̀, nítorí ọkọ̀ máa ń gun orí rẹ̀ wọ inú ọgbà ilé. Ó sì tún gbọ́dọ̀ ṣeé ṣí. Gọ́tà tí wọ́n bò pa kò ṣeé kó. Èyí tí wọ́n ṣí sílẹ̀ gbayawu sì léwu púpọ̀ nígbà òjò, nígbà tí omi bá kún débi pé ojú kò mọ ibi tí títì parí sí mọ́. Síláàbù kéékèèké tí ènìyàn méjì lè gbé ni ó dára jù.

Ní ti ewu ojú títì, ìròyìn tí Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé jáde ní 2023 sọ pé nǹkan bí mílíọ̀nù 1.19 ènìyàn ni jàǹbá ojú títì pa ní ọdún 2021, ìdá 23 nínú ọgọ́rùn-ún wọn sì jẹ́ ẹlẹ́sẹ̀.

Àpẹẹrẹ Ìbàdàn

Ní ọjọ́ 31 Oṣù Kẹjọ ọdún 1980, odò Ògùnpa kún ya wọ àárín ìlú Ìbàdàn, ó sì pa ènìyàn tó lé ní ọgọ́rùn-ún. Omíyalé ni àwọn ará ìlú pe ìṣẹ̀lẹ̀ náà. Bí a bá tú ọ̀rọ̀ yìí palẹ̀, omi, yà àti ilé ni ó wà níbẹ̀: omi yà kúrò lójú ọ̀nà rẹ̀, ó wọ ilé. Orúkọ náà bá ohun tó ṣẹlẹ̀ mu, nítorí wọ́n ti kọ́lé sí bèbè odò, wọ́n sì ti da ìdọ̀tí sínú rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ìjọba ń fi kọnkéré mọ ojú odò Ògùnpa, iṣẹ́ tó gba ọ̀pọ̀ ọdún. Síbẹ̀, ní ọjọ́ 26 Oṣù Kẹjọ ọdún 2011, omi tún pa ènìyàn tó lé ní ọgọ́rùn-ún nílùú náà, ó sì gbé afárá lọ. Ní 2014, Báǹkì Àgbáyé fọwọ́ sí 200 mílíọ̀nù dọ́là fún iṣẹ́ ìdènà àgbàrá níbẹ̀.

Ojú odò ni gbogbo ènìyàn máa ń wò nígbà tí irú èyí bá ṣẹlẹ̀, ṣùgbọ́n títì àti gọ́tà àdúgbò ni púpọ̀ nínú omi náà ń gbà dé odò.

Ìtọ́jú

Òfin ìpìlẹ̀ Nàìjíríà ti ọdún 1999 ka kíkọ́ àti títọ́jú òpópónà àti gọ́tà mọ́ iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀. Ní ìlú tí títì ìjọba àpapọ̀ bá là kọjá, gọ́tà ìjọba kan lè já sínú ti ìjọba mìíràn. Bí èyí tó ń gba omi bá kéré ju èyí tó ń gbé e wá lọ, omi á padà sẹ́yìn, kò sì sí ẹni tí yóò gbà pé iṣẹ́ òun ni.

Àwọn oníṣòwò tó ń pàtẹ sórí síláàbù ni wọ́n sábà máa ń dá lẹ́bi. Ẹ̀bi náà kò kún ọwọ́ wọn: orí síláàbù ni ibi tó tẹ́jú, tó gbẹ, tí oníbàárà sì ń gbà kọjá. Níbi tí wọn kò bá fi àyè sílẹ̀ fún àtẹ nígbà tí wọ́n ń ya àwòrán títì, ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ ni àtẹ yóò gbà.

Ìmọ́tótó Sátidé ìparí oṣù, tó bẹ̀rẹ̀ lábẹ́ ìjọba ológun Buhari, fi kíkó gọ́tà lé àwọn ará àdúgbò lọ́wọ́. Wọ́n máa ń fi ṣọ́bìrì kó ẹrẹ̀ jáde, wọ́n á sì kó o jọ sí etí gọ́tà kí ọkọ̀ tó wá gbé e. Bí ọkọ̀ kò bá tètè dé, òjò kan ṣoṣo ti tó láti dá gbogbo rẹ̀ padà sínú gọ́tà.