Òǹkà Ìbú àti Òǹkà Òòró: Àbá Lórí Ìperí Ìmọ̀ Ìṣirò

Ilé ni à á wò kí á tó sọ ọmọ lórúkọ. Ohun tí ó jẹ wá lógún nínú àpilẹ̀kọ yìí ni orúkọ tí ó yẹ òǹkà tí àwọn onímọ̀ ìṣirò ń pè ní i, èyí tí ó jẹ́ pé bí a bá fi í sọ ara rẹ̀ di púpọ̀, òdì ọ̀kan (–1) ni a ó rí. Nínú ìwé tí René Descartes, ọmọ ilẹ̀ Faransé, tẹ̀ jáde ní 1637, ó pe irú òǹkà báyìí ní ohun tí ó wà nínú èrò nìkan. Bí a bá tẹ̀ lé e, 'òǹkà àfinúrò' ni a ó máa wí. Àléébù orúkọ yìí ni pé akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá gbọ́ ọ yóò rò pé ohun tí kò sí ni à ń kọ́ òun.

Ẹ jẹ́ kí á wo iṣẹ́ tí òǹkà náà ń ṣe. Bí ènìyàn bá kọjú sí ìlà-oòrùn, tí ó yí sí òsì ní ìwọ̀n 90 dígírì, àríwá ni yóò kọjú sí. Bí ó bá tún yí bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì, ìwọ̀-oòrùn ni, èyí tí í ṣe òdì ibi tí ó kọ́kọ́ kọjú sí. Yíyí kan ni òǹkà i; yíyí méjì ni òdì. Kò sí àdììtú níbẹ̀. Carl Friedrich Gauss, ará Jámánì, rí èyí; ní 1831 ó dábàá orúkọ tí ó tọ́ka sí ẹ̀gbẹ́. Yorùbá pàápàá ní ọ̀rọ̀ nílẹ̀, nítorí a máa ń sọ pé a wọn ilẹ̀ tìbú-tòòró. Àbá wa ni pé kí òǹkà tí a ń tò sórí ìlà tí ó dùbúlẹ̀ lójú pátákó jẹ́ 'òǹkà ìbú', kí irú i tí ń nàró lórí rẹ̀ jẹ́ 'òǹkà òòró', kí àpapọ̀ wọn, bí àpẹẹrẹ 3 + 2i, sì jẹ́ 'òǹkà alápá-méjì'.

Ojú pátákó ni èyí tó fún. Àyè tí à ń gbé ní ìhà mẹ́ta: iwájú sí ẹ̀yìn, ọ̀tún sí òsì, òkè sí ilẹ̀. William Rowan Hamilton, ará ilẹ̀ Ireland, wá òǹkà alápá-mẹ́ta fún ọdún púpọ̀, kò rí i. Ní 16 Oṣù Kẹwàá 1843, bí òun àti aya rẹ̀ ti ń rìn létí odò àtọwọ́dá tí à ń pè ní Royal Canal ní Dublin, ó yé e pé apá mẹ́rin ni ó gbà. Ó fi ọ̀bẹ kọ òfin wọn sára afárá: i² = j² = k² = ijk = –1. 'Òǹkà alápá-mẹ́rin' ni a ó pe èyí.

Ìkìlọ̀ méjì ni ó kù fún olùtumọ̀. Èkíní, kí á má ṣe kọ 'oníhà-mẹ́rin', nítorí ìhà mẹ́ta ni àyè náà ṣì ní. Bí a bá fi òǹkà yìí ṣàlàyé yíyí, apá mẹ́ta ni ó ń tọ́ka sí ọ̀pá tí nǹkan ń yí lé lórí; ìkẹrin ni ó ń jẹ́ kí á mọ bí ó ti yí tó. Èkejì, kí ìtumọ̀ wa máa sọ èwo ni ó ṣáájú, nítorí ij jẹ́ k, ṣùgbọ́n ji jẹ́ –k. Ẹ tẹ́ ìwé sórí tábìlì: bí ẹ bá yí i sí ọ̀tún ní 90 dígírì kí ẹ tó gbé e nàró, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni yóò fi dúró, bí ẹ bá kọ́kọ́ gbé e nàró kí ẹ tó yí i, ìsàlẹ̀ rẹ̀ ni yóò fi dúró.

Lóde òní, òǹkà alápá-mẹ́rin ni a fi ń ṣírò ibi tí sátẹ́láìtì kọjú sí, òun náà ni a sì fi ń yí àwòrán nínú kọ̀ǹpútà. Kí ẹ̀yin olùkọ́ dán àwọn orúkọ wọ̀nyí wò nínú kíláàsì, kí ẹ sì fi èyí tí ó sàn jù ránṣẹ́. Ohun tí a kò gbọdọ̀ ṣe ni kí á fi orúkọ kọ́ ọmọ wa láti máa ka ohun gidi sí àlá.