Oúnjẹ Ọdún Tó Ṣẹ́kù Kì í Ṣe Ti Ààtàn



Ní Ìbàràpá níbí, bí a bá ń ṣọdún, oúnjẹ kan ṣoṣo kọ́ là ń sè. Iyán á wà, àmàlà láfún àti ọbẹ̀ ìlasa á wà, pàápàá ní Igbó-Ọrà tó jẹ́ ìlú ìbejì. Ẹ̀wà, ẹ̀kọ, mọ́ínmọ́ín àti àkàrà á tún tẹ̀ lé e. Àlejò á jẹ, á yó. Èyí tó bá ṣẹ́kù ńkọ́?

Mo rí i ní agbo ilé kan ní Èrúwà. Nígbà tó di ọjọ́ kẹta ọdún, odidi abọ́ mọ́ínmọ́ín ni wọ́n dà sí ààtàn, ó ti kan. Kí ọ̀sẹ̀ yẹn tó parí, ìyá ilé náà ti ń yá gàrí fún àwọn ọmọ. Ṣé bó ṣe yẹ kí ọdún rí nìyẹn?

Iyán ogún ọdún a máa jóni lọ́wọ́, nínú òwe ni o. Iyán àná tó wà nílẹ̀ láti àárọ̀, inú rírun ló ń fà. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé oúnjẹ sísè kò gbọdọ̀ wà nínú ooru ilé ju wákàtí 2 lọ. Nítorí náà, ọjọ́ ọdún gan-an la ti ń ro ti ọ̀la.

Èyí tí a gbé síwájú Èṣù, ti Èṣù ni. Ní ti ìkòkò, ẹ má gún gbogbo iṣu tí ẹ sè. Ẹ bu díẹ̀ sọ́tọ̀, ẹ fi din dùndú. Ẹ̀wà ìbejì tó ṣẹ́kù, ẹ se àgbàdo títí á fi rọ̀, kí ẹ dà á mọ́ ọn, àdàlú dé. Àkàrà àná dùn nínú ọbẹ̀ ata tó ń hó. Ẹ̀kọ, ẹ fi omi gbígbóná pò ó. Ẹran, ẹ yọ ọ́ kúrò nínú ọbẹ̀, kí ẹ yan án gbẹ. Ilá tútù tí ẹ kò tíì sè, ẹ gé e, ẹ sá a sóòrùn, ó di orúnlá. Èèpo iṣu, ti ewúrẹ́ ni.

Ohun tí ẹ bá fẹ́ tún jẹ, ẹ jẹ́ kó hó dáadáa. Èyí tó bá ti yí òórùn padà, ẹ má fi ọmọ dán an wò.

Bí kò bá sí iná tàbí fíríìjì, ẹ tètè bù ú fún aládùúgbò nígbà tó ṣì gbóná. Ẹni tó jẹ nínú ọdún wa á ṣàdúrà fún wa.

Ẹ̀ẹ̀míì a ṣe é o. Àṣẹ.