Bí Omi Asẹ́ Ilé Bá Yí Ìṣàn Rẹ̀ Padà

Ọ̀pọ̀ ìdílé ni ó ń lo asẹ́ omi oníkòkò méjì, èyí tí ọ̀pá amọ̀ funfun wà nínú ìkòkò rẹ̀ ti òkè. Bí omi rẹ̀ bá ń kán tó, tó, tó, ìdọ̀tí ni ó ti dí àwọn ihò tíntìntín ara ọ̀pá náà. Ẹ fọ ọwọ́ yín, ẹ yọ ọ́, kí ẹ sì fi búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ àti omi mímọ́ fọ̀ ọ́ títí yóò fi funfun. Ẹ má fi ọṣẹ kàn án, nítorí inú ihò wọ̀nyí ni ọṣẹ yóò sá sí. Omi tí ó bá rú, ẹ jẹ́ kí ó tòrò kí ẹ tó dà á sí i. Bí ìkòkò ìsàlẹ̀ bá kún tí omi kò sì jáde, ẹnu ẹ̀rọ ni kí ẹ fọ̀.

Ṣùgbọ́n asẹ́ tí ń lọ́ra kọ́ ni ó léwu jù. Èyí tí ó ń kán lánàá, tí ó wá ń ya wàrà lónìí láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fọ̀ ọ́, ni kí ẹ bẹ̀rù, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ayọ̀ ni àwọn ará ilé máa ń fi gbà á. Ó lè jẹ́ pé ọ̀pá náà ti sán, tàbí pé wáṣà abẹ́ rẹ̀ ti gbó, tí omi àìsẹ́ fi ń kọjá pẹ̀lú kòkòrò ìgbẹ́ gbuuru àti ti ibà jẹ̀funjẹ̀fun. Ẹ pààrọ̀ wáṣà, kí ẹ sì fún nọ́ọ̀tì rẹ̀ le níwọ̀nba. Ọ̀pá tí ó bá sán kò ní àtúnṣe. Ẹ ra òmíràn. Kí ẹ tó rí i rà, ẹ máa se omi mímu kí ó hó yaya fún ìṣẹ́jú 1.