Ṣé Kí A Kó Lọ Sí Ajah? Ọ̀rọ̀ Ilé, Omi àti Ọmọ Kékeré

  Ẹ̀yin tí dátà yín ò tó láti gbọ́ ọ, tí ẹ̀ ń kà á, torí tiyín la ṣe máa ń kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀.

Ọ̀rọ̀ tòní kì í ṣe ohun tí mo lọ wá kiri. Inú ilé wa ló ti bẹ̀rẹ̀. Àǹtí mi, ìyẹn ẹ̀gbọ́n tí mo tẹ̀ lé, ń gbé ní Ojódù pẹ̀lú ọkọ wọn àti ọmọ méjì. Èyí ẹ̀gbọ́n jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́rin, àbúrò ò tíì pé ọdún méjì. Ní oṣù kejì ọdún yìí, ibi tí Bọ̀dá, ọkọ àǹtí mi, ti ń ṣiṣẹ́ kó ọ́fíìsì kúrò ní Ìkẹjà lọ sí Lekki Phase 1. Láti ìgbà náà, aago márùn-ún àárọ̀ ni Bọ̀dá ń jáde, aago mẹ́sàn-án alẹ́ ni wọ́n ń wọlé. Wọ́n ń fi ọmọ sílẹ̀ lójú oorun, wọ́n ń bá a lójú oorun. Ní Sátidé kan, wọ́n na ọwọ́ sí àbúrò yìí pé kó wá. Ọmọ bá fara mọ́ ìyá rẹ̀, ó bú sẹ́kún bí ẹni tí àlejò fẹ́ gbé lọ. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín.

Ọjọ́ náà ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ̀rọ̀ kíkó kúrò. Ẹnì kan níbi iṣẹ́ Bọ̀dá sọ fún wọn nípa ilé oníyàrá mẹ́ta kan ní Thomas Estate, ní Ajah. Géètì wà, ìsàlẹ̀ ilé ni, owó ẹ̀ ò sì ju agbára wọn lọ. Àǹtí mi ti ń rí i lọ́kàn: atẹ́gùn òkun, àwọn ọmọ nínú iyanrìn lọ́jọ́ Sátidé. Wọ́n ní kí n bá àwọn lọ wò ó, torí èmi ni mo ń fi ìbéèrè jẹun.

Kí n tó sọ ohun tí a rí, ẹ ṣí máàpù lórí fóònù yín. Láti Victoria Island lọ sí apá Ìbẹ̀jú, ilẹ̀ náà tẹ́ẹ́rẹ́ bí ahọ́n. Ọ̀sà wà lápá àríwá, Òkun Àtìláńtíìkì wà lápá gúúsù, títì márosẹ̀ Lekki sí Epe gba àárín wọn kọjá. Orí ahọ́n yẹn ni Ajah wà. Torí náà, ẹni tó bá ní ilé Thomas Estate jẹ́ ilé etí òkun, òótọ́ díẹ̀ ló sọ. Ẹ ò ní rí òkun láti ojú fèrèsé. Òrùlé àwọn aládùúgbò lẹ máa rí. Àmọ́ ohunkóhun tí omi bá ń ṣe sí ilẹ̀ yẹn, ilé yín máa pín nínú ẹ̀.

Ilẹ̀ ibẹ̀ ò ga púpọ̀ ju òkun lọ, ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀ ló sì jẹ́ àbàtà tí wọ́n da iyanrìn kún kí wọ́n tó kọ́lé sí i. Bí ẹ bá gbẹ́lẹ̀ díẹ̀, omi ti dé. Nígbà tí òjò ńlá bá rọ̀, ilẹ̀ tí omi ti kún inú ẹ̀ ò lè mu omi mìíràn mọ́, gọ́tà nìkan ló kù. Gọ́tà ní láti gbé omi dé ọ̀sà. Bí ọ̀sà náà bá ti kún, tàbí bí ẹnì kan bá ti kọ́lé dí ojú ọ̀nà, omi á dúró síbi tó bá ara ẹ̀. Ẹni tó sì da iyanrìn sí ilẹ̀ tiẹ̀ kó lè ga ju ti aládùúgbò lọ, kò lé omi lọ. Ó kàn darí ẹ̀ sílé ẹlòmíràn ni. Ìdí rèé tí àdúgbò kan fi lè gbẹ lọ́dún mẹ́ta, kó wá di odò lọ́dún kẹrin. Wọ́n ti kọ́ ilé tuntun sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ ni.

Oṣù kẹfà ni òjò Èkó máa ń le jù lọ. Ó máa ń fún wa nísinmi díẹ̀ ní oṣù kẹjọ, á tún padà ní oṣù kẹsàn-án àti ìkẹwàá. Ẹ̀yin tí ẹ wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì ní oṣù keje ọdún 2017 á rántí bí omi ṣe wọ ọkọ̀ àti ilé àwọn èèyàn ní Lekki àti Victoria Island. Ní oṣù keje ọdún 2024, a tún rí irú ẹ̀.

Oṣù kẹta la kọ́kọ́ lọ wo ilé náà. Ilẹ̀ gbẹ, oòrùn ràn, ejẹ́ǹtì wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kun inú ilé ni, ó ń dán. Mo jáde lọ wo ẹ̀yìn fẹ́ǹsì. Ìlà kan wà níbẹ̀ tó lọ gbọọrọ láti ìpẹ̀kun dé ìpẹ̀kun. Ọ̀dà tó wà lókè ìlà yẹn funfun, èyí tó wà nísàlẹ̀ ti ṣú. Mo padà wọlé, mo rí i pé gbogbo sọ́kẹ́ẹ̀tì iná ga dé ìbàdí mi. Ejẹ́ǹtì ní torí àwọn ọmọdé ni wọ́n ṣe gbé e sókè bẹ́ẹ̀. Ó wù mí kí n gbà á gbọ́.

Mo bá lọ ra àkàrà ní ìkóríta. Ìyá tó ń dín in bi mí bóyá ilé la wá wò, mo ní bẹ́ẹ̀ ni, mà. Wọ́n ò béèrè nọ́ńbà ilé pàápàá. Wọ́n kàn ní, "Ẹ má gba ìsàlẹ̀ o, ọmọ mi. Bí ẹ bá máa gbà, òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni." Àkàrà igba náírà gbà wá lọ́wọ́ owó ńlá. Ẹ bi alákàrà, ẹ bi ọlọ́dẹ, ẹ bi ọ̀gá tó ń tún jẹnẹrétọ̀ ṣe. Ejẹ́ǹtì ò gbé ibẹ̀, kọmíṣọ̀n ló ń wá.

Ní oṣù kẹfà, òjò rọ̀ mọ́jú ọjọ́ Àìkú kan, a sì tún wakọ̀ padà lọ. Omi ti bo bàtà mi kí n tó dé ẹnu géètì ilé yẹn, ó sì ti wà lẹ́nu ilẹ̀kùn. Lójú pópó kan náà, àwọn tó wà lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ń sá aṣọ sí bákónì. Nígbà tó fi di ìrọ̀lẹ́, ọ̀pọ̀ nínú omi náà ti fà. Mo rò pé ìrìn àjò yẹn wúlò ju gbogbo ohun tí ẹnikẹ́ni lè kà lọ, títí kan èyí tí ẹ̀ ń kà lọ́wọ́.

Òkun gan-an ńkọ́? Ìgbì wa máa ń ti iyanrìn láti ìwọ̀ oòrùn lọ sí ìlà oòrùn. Láti ọdún 1908 ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í kó òkúta sí ẹnu ọ̀sà kí ọkọ̀ ojú omi ńlá lè ríbi wọ Èkó. Òkúta yẹn dá iyanrìn dúró lápá kan, òkun sì bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ilẹ̀ Bar Beach ní òdì kejì, fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2012, omi ya wọ Kuramo Beach, ó sì gbé èèyàn lọ. Lónìí, Eko Atlantic ti bo ibi tí Bar Beach wà, pẹ̀lú ògiri òkúta tí wọ́n ṣètò pé yóò gùn tó kìlómítà 8.5. Ògiri ń dáàbò bo ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀. Àwọn tó wà ní ìlà oòrùn rẹ̀, lápá Alpha Beach, ti ń pariwo tipẹ́ pé òkun ń jẹ ilẹ̀ àwọn. Ajah ṣì wà níwájú Alpha. Èyí ò túmọ̀ sí pé òkun máa wọlé àǹtí mi lọ́la. Ọ̀rọ̀ ayálégbé yàtọ̀ sí ọ̀rọ̀ ẹni tó fẹ́ ra ilẹ̀ fún ọmọ ọmọ rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ yìí rán mi létí pé ejẹ́ǹtì yẹn gbìyànjú láti tà fún wa náà. Ó ní kí ni a fẹ́ fi rẹ́ǹtì ṣe, pé ilẹ̀ wà lápá òkun tí kò wọ́n. Ẹ fara balẹ̀. Iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ lórí ọ̀nà etí òkun láti Èkó sí Calabar ní ọdún 2024, ọ̀nà tó máa gùn tó 700 kìlómítà, àwọn ará Òkun-Ajah sì fẹ̀hónú hàn lórí ipa tí ọ̀nà náà gbà. Landmark Beach ní Victoria Island náà fara gbá a. Bí ẹ bá máa ra ilẹ̀ lápá ibẹ̀, ẹ gbé ìwé sọ́ọ̀fè rẹ̀ lọ sí ọ́fíìsì Surveyor-General ní Alausa kí wọ́n bá yín wò ó bóyá ìjọba ti gba ibẹ̀, kí ẹ tó san kọ́bọ̀. Ìwé ìdílé onílẹ̀ nìkan ò tó.

Àwọn nǹkan kéékèèké tún wà tí ẹnikẹ́ni ò ní sọ fún yín. Iyọ̀ inú atẹ́gùn máa ń jẹ irin, torí náà ẹ wo ẹ̀yìn èésì àti ìdè fèrèsé. Omi bọ́hóòlù ibẹ̀ sábà máa ń pọ́n, ó sì máa ń ba aṣọ funfun jẹ́, àyàfi bí ẹ̀rọ tó ń sẹ́ ẹ bá wà. Sọ́kàwéè máa ń tètè kún nígbà òjò torí ilẹ̀ ò mu omi, ẹ sì béèrè iye ìgbà tí wọ́n ń kó o lọ́dún àti ẹni tó ń san owó ẹ̀. Ní ti iná, ẹ béèrè báǹdì tí òpópónà yẹn gan-an wà. Láti oṣù kẹrin ọdún 2024 ni àwọn tó wà ní Band A, tó yẹ kí wọ́n máa rí iná fún wákàtí 20 lójúmọ́, ti ń san owó tó wọ́n gan-an, àdúgbò méjì tó kọjú síra sì lè má sí ní báǹdì kan náà.

Owó ilé wá ńkọ́? Ejẹ́ǹtì ní ọdún méjì ni lanlọ́ọ̀dù fẹ́ gbà. Òfin Ilé Gbígbé ti Ìpínlẹ̀ Èkó, ti ọdún 2011, sọ pé lanlọ́ọ̀dù ò gbọdọ̀ gba ju owó ọdún kan lọ lọ́wọ́ ayálégbé tuntun. Kódà ẹni tó san án náà ti rú òfin. Òfin yẹn yọ Ìkòyí, Victoria Island, Apapa àti GRA Ìkẹjà sílẹ̀. Kò yọ Ajah. Bọ̀dá fi pẹ̀lẹ́tù sọ ọ́ lórí fóònù, wọn ò bá ẹnikẹ́ni jà, wọ́n sì gbà á lọ́dún kan. Kì í ṣe gbogbo ìgbà ló ń rí bẹ́ẹ̀, mo mọ̀, ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ sọ ọ́ ná.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá le ni ti àǹtí mi fúnra wọn. Olùkọ́ ni wọ́n, Ojódù níbẹ̀ ni ilé ẹ̀kọ́ wọn wà. Bí ìdílé bá kó lọ sí Ajah, wákàtí tí Bọ̀dá ń lò lójú ọ̀nà á kàn bọ́ sọ́rùn ìyàwó wọn ni. Afárá Ajah tí wọ́n ṣí ní oṣù karùn-ún ọdún 2017 ran ìkóríta lọ́wọ́. Àmọ́ láti ìgbà tí èbúté Lekki ti ṣí ní oṣù kìíní ọdún 2023, tí ilé ìfọpo Dangote náà sì ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ọkọ̀ tírélà ti pọ̀ sí i lójú títì kan ṣoṣo yẹn. Mo bi Bọ̀dá lójú àǹtí mi pé, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ta ni á máa jáde ní aago márùn-ún báyìí?" Bọ̀dá ò dáhùn. Àǹtí mi ló dáhùn. Wọ́n ní àwọn ti ń wá iṣẹ́ ní Sangotedo láti oṣù kẹrin, àwọn ò kàn tíì sọ ni.

Mo tún fẹ́ kí ẹ ronú lórí ìyá àgbà. Màmá wa ń bọ̀ láti Ìbàdàn nígbà gbogbo. Wọ́n á bọ́ọ́lẹ̀ ní Berger, kò ní tó ogún ìṣẹ́jú wọ́n ti gbé ọmọ pọ̀n. Láti Berger sí Ajah, ìrìn àjò mìíràn ni. Màmá gbọ́ ọ̀rọ̀ òkun, ohun tí wọ́n kọ́kọ́ béèrè ni ẹni tó máa máa mú ọmọ dání. Wọ́n ò ṣàṣejù. Omi òkun wa máa ń fa èèyàn wọnú láti ìsàlẹ̀, ẹni tó mọ̀ ọ́n lúwẹ̀ẹ́ pàápàá ń bá a lọ. Orúnkún bàbá ni ọmọ ọdún mẹ́rin gbọ́dọ̀ dúró sí.

Wọn ò gba ilé ìsàlẹ̀ yẹn. Wọ́n gba yàrá méjì lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, òpópónà kejì sí i, ó kéré sí ti àkọ́kọ́, ó sì wọ́n díẹ̀ sí i. Àǹtí mi rí iṣẹ́ ní oṣù keje, owó oṣù ibẹ̀ dín sí ti tẹ́lẹ̀. Òpin oṣù kẹjọ ni wọ́n kó, nígbà tí òjò sinmi. Bọ̀dá ti ń wọlé kí aago méje tó lù báyìí, àbúrò sì ti ń sáré lọ bá wọn lẹ́nu ọ̀nà. Àmọ́ wọn ò tíì ra àga tuntun. Àǹtí mi ní ó di ìgbà tí àwọn bá rí oṣù kẹfà kan níbẹ̀ tán.

Ẹ̀gbọ́n ni inú rẹ̀ ò dùn. Gbogbo àárọ̀ ló ń gun àga ní bákónì, tó ń wo òrùlé ilé òdì kejì, tó sì ń bi ìyá rẹ̀ pé, "Mọ́mì, òkun dà?"